Ìbọn Tí Ó Jẹ́ Orúkọ Mẹ́ta

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dáhùn pé níbi ìkómọ ni, níbi tí oyin àti iyọ̀ wà. Wọn kò jìnnà sí i. Ọmọ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà Ìdí-Apá ṣe ń pa á nítàn, ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ pa òwe yìí fún, ohun kan ṣoṣo ló sì wà lọ́kàn ọkùnrin tí ó rọ ìbọn náà: kí ó rí ọ̀nà padà sílé.

Ògúnrántí ni orúkọ ọkùnrin náà. Alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ìlú kékeré ni Ìdí-Apá, kò ju ogójì ilé lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ a máa gbé ìbọn wọn tí ó bá bàjẹ́ wá bá a láti ọ̀nà jíjìn, nítorí irin kì í ṣe oríkunkun mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni í máa fẹ́ ewìrì fún un. Ọdún kẹjọ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn ni Àwẹ̀ró tó lóyún, ó sì bí ọmọbìnrin kan. Ìdùnnú ilé náà kò ṣe é fẹnu sọ.

Ọjọ́ karùn-ún tí ọmọ dáyé ni ìránṣẹ́ Balógun mẹ́ta wọlé, eruku ọ̀nà bò wọ́n dé orúnkún. Ogun ti ń jà lápá ìlà-oòrùn láti ọdún tí ó kọjá. Wọ́n ní ìbọn ń bàjẹ́ ní ibùdó, alágbẹ̀dẹ kò sì tó. Ọjọ́ mélòó kan péré ni, kí Ògúnrántí máa bọ̀.

Ògúnrántí bẹ̀ wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀túnla kọjá. Ọ̀túnla ni a óò sọ ọmọ lórúkọ."

Olórí wọn mi orí. "Àwọn tó wà lójú ogun náà bímọ sílé kí wọ́n tó wá."

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó di ẹ̀mú àti ọmọ owú tí ọkọ rẹ̀ fi ń rọ irin sínú aṣọ, ó gbé ẹrù náà lé e lọ́wọ́, ó wá bi í pé, "Kí ni ká sọ ọmọ?"

Ẹnu Ògúnrántí là, ó tún padé. A kì í dá orúkọ ọmọ kí ọjọ́ tó pé. Ó wo ọmọ náà tí ó ń sùn, tí ó di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì bí ẹni tí ó fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. "N ó dé kí ẹ tó sọ ọ́," ni ó wí. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin ni ibùdó ogun sí Ìdí-Apá.

Nígbà tí ó dé ibùdó Olókùúta ni ó tó rí i pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọmọ ogun ti kọ́lé, wọ́n ti gbin àgbàdo, àwọn kan tilẹ̀ ti kórè lẹ́ẹ̀mejì. Balógun Ṣàngódèyí tí ó ni ibùdó náà ti ṣòfin pé alágbẹ̀dẹ kankan kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu odi títí ogun yóò fi parí. Wọ́n fún Ògúnrántí ní àtíbàbà kan lẹ́bàá odi. Láti ibẹ̀, bí ó bá gbójú sókè, ó lè rí ọ̀nà tó lọ sí ìhà Ìdí-Apá, níbi tí ó ti gba àárín àpáta méjì kọjá. Ọjọ́ keje ọmọ náà ti kọjá lójú ọ̀nà kí ó tó dé ibẹ̀. Ó ń na irin pupa lórí òkúta, ó ń ronú pé wọ́n ti fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, àwọn mìíràn ti mọ orúkọ ọmọ mi, èmi kò mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó kú sínú ìrònú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó ìbọn wá bá a, ó sì ń bi àwọn tó kó wọn wá léèrè ọ̀rọ̀. Ṣakabùlà, ìbọn gígùn, ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ̀tù púpọ̀ ni í jẹ, a sì máa gbá ènìyàn léjìká bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Nínú igbó, ìtàkùn a máa kọ́ ẹnu rẹ̀. Kí jagunjagun tó wọn ẹ̀tù, kí ó tó ki í, kí ó tó ju ọta sí i, ọ̀tá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú idà. Ìbọn kúkúrú tún wà, ìléwọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjòyè ló ń gbé e, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kì í ré kọjá àgbàlá.

"Nígbà tí o yin ìbọn rẹ, báwo ni ọ̀tá ṣe jìnnà sí ọ tó?" Ìbéèrè tí Ògúnrántí máa ń bi wọ́n nìyẹn. Ìdáhùn wọn kì í yàtọ̀. Wọ́n á na ìka. "Bí ibí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn."

Bó ṣe di pé ó yé e nìyẹn. Ibi tí ṣakabùlà ń yìn dé, kò sí ẹni tó ń jà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jà, ìléwọ́ kò dé ibẹ̀. Ohun tí ogun yìí ń fẹ́ wà láàárín méjèèjì. Bí òun bá sì lè rọ ọ́, ogun á tètè parí. Bí ogun bá parí, òun á relé. Kò sí ìdí mìíràn tí ó fi bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà a máa tẹnu mọ́ èyí. Kì í ṣe òkìkí ni ó ń wá.

Èyí àkọ́kọ́ tí ó rọ bú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó jó o nírun ojú. Èkejì ń tú èéfín lẹ́yìn, ojú ẹni tó bá yìn ín á dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kẹta gún régé. Ọ̀pá rẹ̀ kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Ìdajì ẹ̀tù ṣakabùlà ló ń jẹ. Ògúnrántí tún wọn ẹ̀tù àti ọta pọ̀ sínú àkísà kéékèèké, ó dì wọ́n bí ìdì ìyẹ̀fun, tí ó fi jẹ́ pé jagunjagun kò ní í wọn ohunkóhun mọ́. Kí ẹni tó di ṣakabùlà mú tó yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó di èyí mú ti yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ ọ́ ní Agbedeméjì.

Àṣípa Ọyátóógùn ni ó ń bójú tó ohun ìjà gbogbo ibùdó. Ìka méjì ni ìbọn kan tó bú nígbà kan rí ti gé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà kì í tètè fọwọ́ kan ìbọn tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yin Agbedeméjì sí ara igi ìbẹ́pẹ kan, ó tún un yìn, ó wo Ògúnrántí. Ọ̀dọ̀ Balógun ni ó gbé e lọ ní tààrà.

Balógun Ṣàngódèyí jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ṣakabùlà tí baba rẹ̀ fi jagun wà lórí itan rẹ̀. Kò na ọwọ́ sí èyí tí wọ́n gbé wá.

"Kí ni ẹ pe eléyìí?"

"Agbedeméjì ni, Baba," ni Àṣípa dáhùn. "Ìbọn tuntun ni."

"Tuntun?" Balógun tẹnu mọ́ ọn bí ẹni tó tọ́ ewúro wò. "Ìbọn gígùn ni baba mi fi gba ìlú méjìlá. Ẹ̀tù rẹ̀ kún àká mi dé òrùlé. Àṣípa, ẹni tí ó bá tún dárúkọ ìbọn tuntun létí mi, ọrùn rẹ̀ ni n ó fi dán an wò."

Ọ̀rọ̀ parí. Ògúnrántí di Agbedeméjì sínú àpò, ó fi há òrùlé. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, kò wo ọ̀nà tó gba àárín àpáta kọjá mọ́.

Àsìkò yìí ni alájàpá kan tí ń jẹ́ Fábùnmi dé ibùdó pẹ̀lú ẹrù iyọ̀. Ìyá àgbà ni, abúlé tó wà lẹ́bàá Ìdí-Apá ni ilé rẹ̀. Ó béèrè àtíbàbà Ògúnrántí títí ó fi dé ibẹ̀, ó jókòó sórí ìtì igi, ó tú gèlè rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ara.

"Alágbẹ̀dẹ, ìyàwó rẹ ní kí n kí ọ. Ara ọmọ rẹ le. Ó ti ń dá jókòó."

Ẹ̀mú ọwọ́ Ògúnrántí dúró lórí iná. "Kí ni wọ́n sọ ọ́, ìyá?"

"Ògúndélé."

Ògúnrántí yíjú sí i. "Ògún tí ó dé ilé wo? Ta ló dé?"

"Èmi náà bi ìyàwó rẹ bẹ́ẹ̀," ni Fábùnmi wí. "Ó ní Ògúnkúnlé ni àwọn àgbà ilé yín kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọmọ níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yíjú wo ilé ná. Iná kò sí nínú àgbẹ̀dẹ, awọ ewìrì ti gbẹ, baálé kò sí. Ta ló wá kún ilé? Ó ní orúkọ tí ilé yìí ń fẹ́ ni kí wọ́n fún ọmọ. Gbogbo ìgbà tí òun bá ń pè é, òun ń sọ fún ilé pé o ti dé."

Ògúnrántí tẹrí ba síwájú iná bí ẹni tí èéfín kó sí lójú. Ìyá àgbà náà wojú ibòmíràn, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

Nígbà tí ó lọ tán, Ògúnrántí jókòó ti iná títí iná fi kú. Ó ń sọ orúkọ náà sábẹ́ ẹnu, Ògúndélé, Ògúndélé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ó dìde, ó fa àpò yọ lórí òrùlé, ó wá Àṣípa lọ.

"Àṣípa, àwa kò wo ilé."

"Ilé wo?"

"Ilé tí a bí ìbọn yìí sí. Ilé Balógun ni. Tuntun ni wọn kì í fẹ́ gbọ́ níbẹ̀, òun gan-an ni a sì gbé lọ síwájú rẹ̀. Kí ni Balógun fúnra rẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ yín lóṣooṣù?"

"Ìléwọ́, fún àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní Ìléwọ́."

Àṣípa wo ìbọn náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Èyí gùn tó ìléwọ́ mẹ́ta!"

"Ṣé okùn ni wọ́n fi ń wọn orúkọ ni, Àṣípa?"

Ọyátóógùn rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Láti ọjọ́ náà, ní ọrọọrún, bí ó bá dé iwájú Balógun, á ní, "Ìléwọ́ mẹ́wàá ti parí, Baba," Balógun á sì mi orí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ kọ́ ni wọ́n ń kó wọn fún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ etí odò Àlúmọ̀, tí ikú ń pa jù, ni wọ́n ń fún. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, ọgọ́rin ọkùnrin ló ti ní in.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìkùukùu bo odò, ọ̀tá rọ́ wọ inú omi bí eéṣú. Àwọn oníṣakabùlà ṣì ń ki ẹ̀tù nígbà tí àwọn ọgọ́rin náà dìde. Kí oòrùn tó mú, ẹni tó kù nínú ọ̀tá ti sá padà sódìkejì. Irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Balógun gun ẹṣin lọ kí wọn.

"Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́," ni ó wí. "Ṣé màlúù ni? Ṣé aṣọ ni?"

"Ìléwọ́!" ni gbogbo wọn pariwo. "Baba, ẹ fún wa ní ìléwọ́ sí i!"

Ẹ̀rín pa Balógun. "Kí ni ọmọ ogun ń fi ìléwọ́ ṣe?"

Ọ̀kan nínú wọn gbé tirẹ̀ sókè. Balógun wò ó. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó mọ ìbọn náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ pe Àṣípa àti alágbẹ̀dẹ. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Balógun. Àṣípa la ẹnu, Balógun gbé ọwọ́ sókè, ó pa á lẹ́nu mọ́.

"Alágbẹ̀dẹ, ta ló sọ eléyìí ní ìléwọ́?"

Kì í ṣe ọrùn rẹ̀ ni Ògúnrántí ń rò. Ohun tó ń rò ni pé bí òun bá kú síbí, orúkọ ọmọ òun á di irọ́ títí ayé.

"Èmi ni, Baba."

"O mọ̀ pé kì í ṣe ìléwọ́."

"Mo mọ̀, Baba."

"Kí ló dé tí o fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Baba, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ."

Ẹṣin tó ń jẹ koríko lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ògúnrántí kò gbé ojú kúrò nílẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ tí mo bí, tuntun ni. Ilé tí mo bí i sí kò fẹ́ tuntun. Bí mo bá pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an, kò ní í pẹ́ láyé. Mo wá sọ ọ́ ní èyí tí ilé lè gbà, kí ó lè rí ààyè dàgbà. Ó ti dàgbà báyìí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà."

Balógun na ọwọ́, wọ́n gbé ìbọn náà fún un. Ó gbé e lé èjìká, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ọlọ́gbọ́n ló sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kéré sí i." Ó dìde, ó jáde sí gbangba lójú gbogbo ibùdó, ó gbé ìbọn náà sókè, ó sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù-lẹ́lẹ́, bí ẹni pé òun gan-an ló bí i. Wọ́n hó ìhó ayọ̀. Ó wá yíjú sí Ògúnrántí. "Béèrè ohun tí o fẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n relé, Baba."

Ojú Balógun yí padà. "Bí ọ̀tá bá mú ọ lọ́nà ńkọ́? Ọwọ́ tí ó rọ Ẹ̀fúùfù-lẹ́lẹ́ kò ní í jáde nínú odi mi títí ogun yóò fi parí. Béèrè òmíràn."

"Kò sí òmíràn, Baba."

Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn tí ó rọ láti fi ra ọ̀nà ilé ṣe di ọgbà yí i ká. Ogun náà kò sì tètè parí. Kò ju ọdún kan lọ tí ọ̀tá fi rí díẹ̀ gbà nínú ìbọn náà, àwọn alágbẹ̀dẹ tiwọn sì kọ́ bí a ṣe ń rọ ọ́. Ẹ̀fúùfù wá ń fẹ́ láti ìhà méjèèjì. Ọdọọdún ni Fábùnmi ń mú fọ́nrán òwú kan wá, èyí tí Àwẹ̀ró fi wọn gíga ọmọ náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ògúnrántí á gbé e kọ́ sórí òrùlé àtíbàbà rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa wo àwọn òwú náà bí wọ́n ṣe ń mì, ti ọdún yìí gùn ju ti èṣí lọ. Balógun fi ìyàwó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúpẹ́, kò gbà.

Ọdún keje ni ikọ́ pa Balógun Ṣàngódèyí. Àárẹ̀ ti mú àwọn ìjòyè ìhà méjèèjì, wọ́n mulẹ̀ létí odò Àlúmọ̀, wọ́n ní ogun tó. Ẹ̀mú àti ọmọ owú nìkan ni Ògúnrántí gbé relé. Kò mú ìbọn kankan.

Ọmọbìnrin kan ló bá ní ojúde ilé rẹ̀ ní Ìdí-Apá, ó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta. Ọmọ náà rí i, ó nu ọwọ́, ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ta ni ẹ ń wá?"

Ògúnrántí gba omi náà. Orúkọ tí ó ti ń sọ sábẹ́ ẹnu fún ọdún méje kọ̀, kò jáde. Ó mu omi náà tán pátá, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Ibẹ̀ ló wà, igbá lọ́wọ́, nígbà tí Àwẹ̀ró ti odò dé pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Àwẹ̀ró dúró. Ó rọra sọ ìkòkò náà kalẹ̀, kò dà nù.

"Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin," ni ó wí, "ọdún méje ni ẹ fi rìn ín."

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ọmọ náà tó lè pè é ní baba láìkọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Ọkọ́ àti àdá ni Ògúnrántí ń rọ láti ìgbà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí Àwẹ̀ró ti ń fẹ́ ewìrì fún un, ó bi í léèrè ìbọn tí gbogbo ayé ń ròyìn.

"Wọ́n ní Ẹ̀fúùfù-lẹ́lẹ́ ni ẹ sọ ọ́."

"Balógun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi sọ ọ́ ní Agbedeméjì, mo tún sọ ọ́ ní Ìléwọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú wọn."

"Kí wá ni orúkọ rẹ̀?"

Ògúnrántí yí irin náà padà nínú iná. "Nígbà tí mo ń rọ ọ́, Jẹ́-n-relé ni mo ń pè é. Ta ni n bá sọ ọ́ fún níbẹ̀?"

Àwẹ̀ró ń fẹ́ ewìrì lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí wọ́n bá rí ẹni tí ó fẹ́ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láìro ibi tí ó wà, tàbí ẹni tí ó fẹ́ dá àbá láìmọ ìwà àwọn tí yóò gbà á, tàbí ẹni tí ń ṣe bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe láìwo bí nǹkan ti rí ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, òwe yìí ni wọn yóò fi dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ní Ìdí-Apá, wọ́n tún ń lò ó níbòmíràn. Bí ẹnìkan bá ti lọ sí àjò tí ó pẹ́, tí ará ilé rẹ̀ sì bímọ, wọn kì í yára sọ ọmọ náà lórúkọ. Wọ́n á kọ́kọ́ yíjú wo ibi tí ẹni náà máa ń jókòó sí.